Ìbéèrè Yín Lórí Scrabble: Àwọn Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Abàmì àti Ohun Tí Wọ́n Túmọ̀ Sí

Ìwé tí ẹ kọ sí wa lóṣù yìí lórí Scrabble, eré fífi lẹ́tà to ọ̀rọ̀ sórí bọ́ọ̀dù, pọ̀, láti Ìsàlẹ̀ Èkó títí dé Agége. Ohun kan náà ló ń dun ọ̀pọ̀ nínú yín: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ojú ò rí rí, tí ẹni tí ẹ jọ ń ta kàn gbé sórí bọ́ọ̀dù, tó sì fi kó máàkì lọ. A ti mú mélòó kan nínú ìbéèrè yín dáhùn. Collins Scrabble Words ni ìwé tí a gbé gbogbo ìdáhùn kà, torí òun ni wọ́n fi ń ṣe ìdíje ní Nàìjíríà. Lẹ́tà ńlá la fi kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí à ń ṣàlàyé kí wọ́n lè yàtọ̀ sí Yorùbá tó yí wọn ká.

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Q máa ń kù sí mi lọ́wọ́ títí eré á fi parí, torí mi ò rí U tí màá fi gbé e. Ǹjẹ́ ọ̀nà àbáyọ wà? — Òǹkàwé yín, Sùúrùlérè

Ọ̀nà wà, ó sì ju ẹyọ kan lọ. U mẹ́rin péré ló wà nínú táìlì 100, àwọn pélébé tí à ń fi ta eré náà, nítorí náà ẹni tó bá ní òun á dúró de U, ó lè dúró títí àpò á fi gbẹ. Bí ẹnìkejì bá parí táìlì rẹ̀ nígbà tí Q ṣì wà lórí ráàkì yín, ìyẹn pèpele kékeré tí ẹ ń to táìlì sí, 10 á kúrò nínú máàkì yín, 10 á sì bọ́ sínú tirẹ̀. Ìyàtọ̀ 20 nìyẹn, ó sì tó láti gba eré tó sún mọ́ra lọ́wọ́ ènìyàn.

Èyí tó ṣáájú gbogbo wọn ni QI, agbára ìyè tí àwọn ará Ṣáínà gbà pé ó ń ṣàn nínú ara. Ó ń gba S ní ìparí, ó di QIS. Èyí tó tẹ̀ lé e ni QAT, ewé kan tí wọ́n ń rún lẹ́nu ní Yemen àti Sòmálíà kí oorun má baà kùn wọ́n. KAT àti KHAT náà tọ̀nà, ewé kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gbogbo wọn ló sì ń gba S.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá ti jókòó ní ilé kéwú rí ti mọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù láìfura. Lẹ́tà qaf ti èdè Lárúbáwá ló máa ń di Q nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá yá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lò, kì í sì í mú U dání. QADI ni adájọ́ Mùsùlùmí, alùkáádì wa. WAQF ni ilẹ̀ tàbí dúkìá tí ènìyàn yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ Ọlọ́run. Máàkì 19 ni kó tó kan ojú aláwọ̀ kankan, ìyẹn ojú bọ́ọ̀dù tó ń sọ máàkì di ìlọ́po. NIQAB ni ìbòjú tó ń fi ẹyinjú nìkan hàn. QIBLA ni ìhà tí a ń dojú kọ tí a bá ń kírun. TALAQ ni ìkọ̀sílẹ̀ tí ọkọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, FAQIR sì ni olùfọkànsìn tó yan ìgbé ayé tálákà. Gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń gba S. Ẹ tún fi SUQ àti SOUQ kún un, ọjà àwọn Lárúbáwá. U wà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ó ṣáájú Q ni, ìyẹn sì dára nígbà tí U bá ti wà lórí bọ́ọ̀dù ní ibi tí kò rọrùn láti lò.

Àwọn tó kù tí kò wá láti kéwú kò pọ̀: QOPH jẹ́ lẹ́tà Hébérù, SHEQEL ni owó Ísírẹ́lì, QWERTY ni bí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà ṣe tò.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni IRAQ àti QATAR. Orúkọ ìlú ni wọ́n, wọn ò wọlé. Èkejì ni kí ènìyàn máa ná I bó ṣe wù ú nígbà tí Q wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi I kan pamọ́ títí Q á fi lọ. Bí ẹ bá sì wo bọ́ọ̀dù tí ẹ kò rí ibi tí QI lè gbà wọlé, ẹ pààrọ̀ Q kí táìlì inú àpò tó dín ní méje, torí bí kò bá ti pé méje mọ́, òfin kò gba pàṣípààrọ̀ mọ́.

Èwo nínú àwọn ọ̀rọ̀ oní-lẹ́tà méjì ló ń mú máàkì wọlé jù? Àwọn ọmọ àdúgbò máa ń fi wọ́n yọ mí lẹ́nu. — Baba Káfíńtà, Mushin

Baba, ẹ kọ́ gbogbo wọn. Nínú àtúntẹ̀ 2019, 127 ni wọ́n, kò sì sí ohun mìíràn nínú eré yìí tó ń san èrè kíákíá bẹ́ẹ̀. Àwọn ló ń jẹ́ kí ẹ lè tẹ́ ọ̀rọ̀ yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn kí wọ́n fara kanra, kí ẹ sì gba máàkì gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyẹn ló ń ya ọ̀ta sọ́tọ̀ kúrò lára òpè.

Ẹ wo èyí. TAXI wà ní ìbú lórí bọ́ọ̀dù. Òkè I rẹ̀ gan-an ni ojú búlúù dúdú tó ń sọ lẹ́tà di ìlọ́po mẹ́ta, ó sì ṣófo. Ẹ gbé Q síbẹ̀, ẹ fi I tiyín sí ọwọ́ ọ̀tún Q. QI ti jáde ní òòró, QI tún jáde ní ìbú. Q di 30, ẹ fi I kún un, 31. Ọ̀nà méjì ló sì gbà jáde, nítorí náà ẹ kọ 62 sílẹ̀. Táìlì méjì péré lẹ lò.

Àwọn olówó iyebíye nìwọ̀nyí. QI, ZA, ZO àti ZE, 11 lọ́kọ̀ọ̀kan. ZA ni ìnagijẹ àwọn ará Amẹ́ríkà fún pizza. ZO ni màlúù tí wọ́n fi yak òkè Himalaya àti abo màlúù lásán bí. DZO àti ZHO ni orúkọ rẹ̀ mìíràn. ZE ni arọ́pò-orúkọ tí kò sọ bóyá akọ tàbí abo ni wọ́n ń sọ. Àwọn tó jẹ́ 9: AX, EX, OX, XI tó jẹ́ lẹ́tà Gíríìkì, XU tó jẹ́ owó ẹyọ Vietnam àtijọ́, JA tó túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni ní Gúúsù Áfíríkà, JO tó jẹ́ olólùfẹ́ lẹ́nu àwọn ará Scotland, àti KY, ìyẹn àwọn màlúù, tí àwọn ará Scotland náà ló ni ín.

S ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. ZA, ZO, XI àti QI ń gba S. XU kò gbà á, torí ẹyọ kan àti ọ̀pọ̀ rẹ̀ bákan náà ni. KY kò gbà á, torí ọ̀pọ̀ màlúù ló ti jẹ́ tẹ́lẹ̀. E ni kí ẹ fi kún un, KYE. JA kò gbà á. JO di JOES, kì í ṣe JOS, bó ti wù kí ìlú náà gbajúmọ̀ tó lọ́dọ̀ wa.

Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: kò sí ọ̀rọ̀ oní-lẹ́tà méjì kankan tí V wà nínú rẹ̀, C sì ní ẹyọ kan ṣoṣo, CH, ọ̀nà àtijọ́ láti sọ pé "èmi". A, E, I tàbí O lè ṣáájú CH. Ẹni tó bá ń borí tó fẹ́ ti ilẹ̀kùn bọ́ọ̀dù, kí ó fi V àti C sí ibi tí ẹnìkejì ti fẹ́ gbà kọjá; ó ṣòro láti tẹ́ ọ̀rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Fáwẹ̀lì nìkan ló máa ń wá bá mi. Lọ́jọ́ kan A méjì, I méjì, U méjì, àti N ẹyọ kan ni mo fà. Kí ni mo lè fi irú rẹ̀ ṣe? — Arábìnrin kan, Ìsàlẹ̀ Èkó

Fáwẹ̀lì 42 ló wà nínú lẹ́tà 98 (táìlì méjì tó kù jẹ́ bíláǹkì, tí kò ní lẹ́tà lára, tó sì lè dúró fún lẹ́tà yòówù), E nìkan jẹ́ 12, nítorí náà kò sí ẹni tí irú rẹ̀ kì í bá. Lórí ráàkì tí ẹ kọ yìí, UNAU ni ìdáhùn: ẹranko Gúúsù Amẹ́ríkà tó ń rọ̀ mọ́ igi, tó lọ́ra púpọ̀, èékánná méjì ló wà ní ọwọ́ iwájú rẹ̀. Ìbátan rẹ̀ tó ní èékánná mẹ́ta ń jẹ́ AI. Máàkì mẹ́rin péré ni UNAU, ṣùgbọ́n ó gba U méjì kúrò lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀kan náà. U méjì lórí ráàkì kan burú ju A méjì tàbí E méjì lọ, torí ọ̀rọ̀ tó ń lò wọ́n pa pọ̀ kò pọ̀.

Àwọn mìíràn tó yẹ kó wà ní orí yín: AA, òkúta yíyọ́ láti inú òkè oníná tó ti gbẹ tí ara rẹ̀ sì rí gbágungbàgun, èdè Hawaii ni. EA, odò. OE, ìjì òyì ní erékùṣù Faroe. OO, irun àgùntàn lẹ́nu àwọn ará Scotland. EAU, omi, láti inú Faransé, ó sì ń gba X: EAUX. TOEA, owó kékeré ní Papua New Guinea. 100 rẹ̀ ló ń pé KINA kan, KINA náà sì wọlé. AIOLI, ọbẹ̀ tútù oní-áyù. ADIEU, ó dìgbóṣe. AUDIO ẹ ti mọ̀. EUOI, ariwo tí àwọn olùsìn Bacchus, òrìṣà ọtí àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù, máa ń pa nígbà tí ó bá gùn wọ́n.

Èyí tó dùn mọ́ wa jù nínú gbogbo wọn ni EUOUAE. Lẹ́tà mẹ́fà, kò sí kọ́ńsónáǹtì kankan nínú rẹ̀. Àwọn tó ń kọ orin Latin ti ìjọ Àgùdà sílẹ̀ láyé àtijọ́ ló fa fáwẹ̀lì inú "seculorum Amen" yọ, láti fi ṣàmì bí orin á ṣe parí. Ẹ kà á wò: e, u, o, u, a, e. Ẹni tó bá ti kọ orin ìjọ lẹ́nu, kò ní gbàgbé ètò rẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé fáwẹ̀lì jáde, ẹ wo ohun tó máa ṣẹ́kù. Fáwẹ̀lì méjì tàbí mẹ́ta pẹ̀lú kọ́ńsónáǹtì tó rọ̀ bíi R, N, T, L, S ni ìyókù tó dára. Bí ọ̀rọ̀ tí ẹ rí bá jẹ́ máàkì mẹ́rin tí fáwẹ̀lì mẹ́rin ṣì kù lẹ́yìn rẹ̀, pàṣípààrọ̀ sàn jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kórìíra pàṣípààrọ̀ torí òdo ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ìgbà mẹ́ta léraléra tí ènìyàn gba mẹ́fà-mẹ́fà burú ju òdo kan tí 30 tẹ̀ lé lọ.

Ẹ káàsán, sà. Ọmọ iléèwé girama ni mí. Ọ̀rẹ́ mi gbé CWM kalẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ni. Ṣé òótọ́ ni? — Akẹ́kọ̀ọ́, Yábàá

Òótọ́ ni, ọmọ wa. CWM ni àfonífojì tó rí kótópó ní ẹ̀gbẹ́ òkè, èdè Wales ni, níbi tí W ti ń ṣiṣẹ́ fáwẹ̀lì. Máàkì 10 ni, ó sì ń gba S. Ará ilé kan náà ni CRWTH, ohun èlò orin olókùn àwọn ará Wales, àti TWP, òmùgọ̀.

Ìró ẹnu náà wà tí kò ní fáwẹ̀lì: SHH fún ẹ ní dákẹ́, BRR fún òtútù, PST àti PSST láti pe ènìyàn jẹ́jẹ́, TSK nígbà tí ènìyàn bá ń kẹ́dùn tàbí bínú, HMM. Nínú ìwọ̀nyí, TSK jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe pẹ̀lú, nítorí náà TSKS àti TSKED tọ̀nà. NTH, ọ̀rọ̀ ìṣirò fún ipò tí a kò dárúkọ iye rẹ̀, kò ní fáwẹ̀lì bákan náà, kò sì gba S rárá. ZZZ, ìró oorun, wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n Z kan ṣoṣo ló wà nínú àpò, nítorí náà bíláǹkì méjèèjì lo máa fi ṣe é, má sì dán an wò: bíláǹkì níye lórí ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Mo gbọ́ pé ọ̀rọ̀ Yorùbá wà nínú ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìí. Àwọn wo ni? — Bàbá àgbà kan, Èbúté Mẹ́ta

Wọ́n wà, Baba, ẹ sì lè gbé wọn kalẹ̀ láìbẹ̀rù. OBA wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìtumọ̀ kan náà tí a mọ̀ ọ́n sí. OBAS ni ọ̀pọ̀. ORISHA wà níbẹ̀, H ni wọ́n fi rọ́pò ìlà abẹ́ ṣ wa. IROKO wà níbẹ̀, igi ìrókò, máàkì 9. AFARA ni igi àfàrà, ó dára gan-an nígbà tí A mẹ́ta bá dì yín lọ́wọ́. DASHIKI ni dàńṣíkí wa, tí Yorùbá fúnra rẹ̀ yá lọ́wọ́ Haúsá. Lẹ́tà méje ni, nítorí náà bí ẹ bá tà á tán láti orí ráàkì, 15 tó jẹ́ ti ara rẹ̀ á gba ẹ̀bùn 50 tí wọ́n ń fún ẹni tó lo táìlì méje lẹ́ẹ̀kan náà, ó di 65 kí a tó ka ojú aláwọ̀.

Láti ilẹ̀ Nàìjíríà lápapọ̀, NAIRA àti KOBO wà, wọ́n sì ń gba S. KOBO dára ju NAIRA lọ nínú eré yìí: 10 sí 5. Ẹ kíyè sí i pé KOB, ẹran ìgbẹ́ kan tó jọ ìgalà, ń di KOBO bí ẹ bá fi O kún un, KOBO sì ń di KOBOLD, iwin inú ilé àwọn ará Jámánì, bí ẹ bá fi LD kún un. OBECHE àti SAPELE jẹ́ orúkọ pákó, FUFU jẹ́ oúnjẹ. JUJU náà wọlé, ṣùgbọ́n J kan ló wà nínú àpò, nítorí náà bíláǹkì ló máa ṣe J kejì.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó jọ tiwa tí kì í ṣe tiwa. IRE wọlé, ṣùgbọ́n ìbínú ni lọ́dọ̀ wọn. EWE jẹ́ abo àgùntàn. OBI jẹ́ ọ̀já tí àwọn ará Japan ń dì mọ́ kimono. AYE jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo wọn ń mú máàkì wá, ẹ má kàn ṣe ṣàlàyé wọn fún ẹnikẹ́ni ní Yorùbá. YORUBA fúnra rẹ̀ kò wọlé, LAGOS kò wọlé. Orúkọ ni wọ́n.

Ọkọ mi ní àkọ́sórí lásán ni kí n ṣe, pé ìtumọ̀ ń fi àkókò ṣòfò. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? — Ìyá Ìbejì, Agége

Ẹ bá wa kí wọn, Ìyá Ìbejì. Ẹ̀rí wà fún ohun tí wọ́n sọ. Nigel Richards, ará New Zealand, gba ife àgbáyé Scrabble ti èdè Faransé ní 2015, kò sì lè sọ Faransé. Ní 2024 ó tún gba ti èdè Sípéènì. Nínú ìdíje, ẹnikẹ́ni kì í bi yín ní ìtumọ̀. Bóyá ọ̀rọ̀ wà nínú ìwé ni wọ́n ń wò.

Síbẹ̀, a ò gbà pẹ̀lú wọn. Orí bíi ti Richards ṣọ̀wọ́n. Fún àwa tó kù, ìtumọ̀ ló ń sọ ohun tí a lè fi kún ọ̀rọ̀, ibẹ̀ sì ni máàkì wà. Bí ẹ bá mọ̀ pé QAT jẹ́ ewé, ẹ mọ̀ pé ó ń gba S. Bí ẹ bá mọ̀ pé KY jẹ́ ọ̀pọ̀ màlúù, ẹ ò ní pàdánù S iyebíye lórí rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe, ẹ wá ED àti ING. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe, ẹ wá ER àti EST, ẹ sì fura sí S. FELTY, tí Wellington Jighere ọmọ Nàìjíríà fi gba 36 nígbà tó borí Lewis Mackay ará England nínú àṣekágbá ìdíje àgbáyé ní Perth, Australia, ní 2015, ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni: ohun tó rí bí felt, aṣọ kan tó nípọn. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ife náà.

Ibi kan wà tí ìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì iléèwé máa ń tan ènìyàn. Ní kíláàsì, wọ́n á fagi lé ADVICES, FURNITURES àti LUGGAGES. Nínú Scrabble, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó tó kàwé dáadáa ti ṣe ṣálẹ́ǹjì irú wọn, ìyẹn ni pé wọ́n ní kò sí nínú ìwé, wọ́n sì jìyà rẹ̀.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń rí ọ̀rọ̀ oní-lẹ́tà méje láti gba ẹ̀bùn 50? — Òṣìṣẹ́ báǹkì, Ìkẹjà

Ẹ má wá ọ̀rọ̀ méje-méje lóríṣiríṣi. Ẹ mú lẹ́tà mẹ́fà tó ń bá ọ̀pọ̀ lẹ́tà ṣe pọ̀, kí ẹ kọ́ ohun tí ìkéje kọ̀ọ̀kan ń mú jáde. Èyí tó dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀ ni TISANE, ewé tàbí òdòdó tí wọ́n rẹ sínú omi gbígbóná tí wọ́n sì ń mu bíi tíì. Bí D bá wá, INSTEAD. G, SEATING, EASTING tàbí TEASING. K, INTAKES. L, SALIENT tàbí ENTAILS. M, INMATES. U, AUNTIES. V, NATIVES. Z, ZANIEST. Ìwọ̀nyí rọrùn, ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì á rí wọn fúnra rẹ̀ bó bá fara balẹ̀.

Àwọn tó ń fẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ nìyí: B ń mú BASINET wá, akoro irin àwọn ọmọ ogun Yúróòpù àtijọ́. C, CINEAST, ẹni tó fẹ́ràn sinimá dénú. E, ETESIAN, afẹ́fẹ́ tó máa ń fẹ́ lórí òkun Aegean nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. R, RETSINA, wáìnì Gíríìkì tí wọ́n fi oje igi sí. S, SESTINA, irú ewì kan. H ló sì ń mú SHEITAN wá, Èṣù lẹ́nu àwọn Mùsùlùmí, ẹni tí à ń pè ní Ṣàítánì níbí. Ẹni tó bá ti gbọ́ wáàsí lọ́jọ́ Jímọ̀ kò nílò láti kọ́ èyí lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ gé páálí pélébé. Ní ojú kan, ẹ kọ lẹ́tà méjèèje ní ètò ábídí: AEHINST. Ní ẹ̀yìn, SHEITAN. Lórí ráàkì gidi pẹ̀lú, ẹ kọ́kọ́ to táìlì yín ní ètò ábídí bẹ́ẹ̀, kí ohun tí ojú yín rí nílé àti èyí tó rí níbi ìdíje lè dọ́gba. Ìdí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń mọ ọ̀rọ̀ nílé tí wọn kì í rí i lórí bọ́ọ̀dù ni pé ọ̀rọ̀ tó ti tò tán ni wọ́n ń kà, nígbà tó jẹ́ pé lẹ́tà tó fọ́n ká ló máa ń wá láti inú àpò. Páálí mẹ́wàá lóòjọ́ tó. Ẹ tún ti àná wò kí ẹ tó mú tòní, èyí tí ẹ bá sì kùnà, ẹ dá a padà sáàárín ti ọ̀la.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí mo fi ń borí lórí fóònù ni wọ́n kọ̀ fún mi níbi bọ́ọ̀dù. Kí ló fà á? — Ọ̀dọ́ kan, Obáléndé

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Words With Friends lo ń ta. Eré mìíràn ni. Àkójọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, táìlì rẹ̀ jẹ́ 104, J níbẹ̀ jẹ́ 10, H jẹ́ 3, ẹ̀bùn lílo táìlì méje tán sì jẹ́ 35. Bí o bá ń lo áàpù Scrabble gidi, lọ sí ibi ètò rẹ̀ kí o yan Collins, torí bí ti Amẹ́ríkà bá wà níbẹ̀, kò ní gba ZO, KY tàbí CH.

Mo ra ìwé ọ̀rọ̀ Scrabble àlòkù ní Yábàá. Wọ́n gbé OK kalẹ̀ fún mi, mo ṣe ṣálẹ́ǹjì torí kò sí nínú ìwé mi, wọ́n ní èmi ni mo kùnà. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni? — Òǹtajà, Ìdúmọ̀tà

Wọn ò rẹ́ yín jẹ. OK, EW àti ZE wọlé ní 2019. Ìwé tí ẹ rà ti dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo ọdún tó wà ní ojú ìwé kejì tàbí ìkẹta kí ẹ tó san owó ìwé àlòkù. Ní 2021, wọ́n tún yọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ èébú tó kan ẹ̀yà àti ìran ènìyàn kúrò, nítorí náà ìwé àtijọ́ lè fi ọ̀rọ̀ tí kò sí mọ́ hàn yín pẹ̀lú.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè ohun méjì lọ́wọ́ ẹni tó ń darí ìdíje: àtúntẹ̀ ọdún wo ni wọ́n ń lò, àti kí ni ìjìyà ṣálẹ́ǹjì tó bá kùnà. Níbòmíràn, máàkì 5 ni wọ́n ń fi kún ti ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ rere kalẹ̀, níbòmíràn 10, níbòmíràn ìgbà títa kan ló ń lọ. Bí ó bá jẹ́ 5, ẹ lè fi owó díẹ̀ ra ìmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí ẹ ò dá lójú. Bí ó bá jẹ́ ìgbà títa, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ sọ ọ́ sókè kí ẹnìkejì tó fa táìlì tuntun láti inú àpò. Ẹ dá aago dúró, kí ó má lọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sórí ìwé ní lẹ́tà ńlá, kí ẹ jọ wò ó pé kò sí lẹ́tà tó yí padà, torí ọ̀pọ̀ ìjà ló wá láti inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ ní àkọtì. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí. Bí ọ̀rọ̀ mẹ́ta bá jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ lè ṣe ṣálẹ́ǹjì ọ̀kan tàbí gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò ní sọ èyí tó burú nínú wọn. Bí ọ̀kan bá ti burú, gbogbo táìlì títa náà ló ń padà sí ráàkì ẹni tó tà á, òdo ni wọ́n á kọ sílẹ̀ fún un, ó sì kàn yín láti ta.